CD4051, 74HC4051 àti 74HC4067: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ ra multiplexer

Multiplexer, ìyẹn ṣíìpù tó ń so ọ̀kan nínú ọ̀nà púpọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ni mẹ́ta yìí. Àwọn ló máa ń kọ́kọ́ jáde tí ẹ bá ń wá bí ẹ ṣe máa so sẹ́ńsọ̀ tàbí potentiometer (resistor tí a ń fọwọ́ yí) púpọ̀ mọ́ microcontroller tí ẹsẹ̀ ADC rẹ̀, èyí tó ń sọ fóltéèjì di nọ́ḿbà, kò tó nǹkan. Mo ti lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan wà nínú àpótí tí mò ń lò lójoojúmọ́, ọ̀kan gba oṣù kan àti owó lọ́wọ́ mi, ìkẹta wà nílẹ̀ tó ń dúró de iṣẹ́ tó bá a mu. Mi ò ní ṣàlàyé bí multiplexer ṣe ń yan ọ̀nà, torí ẹni tó ti fẹ́ rà á ti mọ ìyẹn. Ohun tí àwọn tó ń tà á kì í kọ sábẹ́ àwòrán rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Iná tí ẹ máa fún un

Ibí ni mo ti kọ́gbọ́n, ibí náà ni mo sì máa pẹ́ sí.

Àpótí kan ni mò ń ṣe, potentiometer 10k mẹ́rìndínlógún ló wà lójú rẹ̀, fún dídarí ohùn orin lórí kọ̀ǹpútà. 3.3V ni microcontroller mi ń lò. Mo ra CD4051 méjì, ọlọ́nà mẹ́jọ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí datasheet rẹ̀ (ìwé àlàyé tí àwọn tó ṣe é kọ) ní ó ń ṣiṣẹ́ láti 3V lọ sókè. Mo ní 3.3V sáà ju 3V lọ, ọkàn mi balẹ̀.

Nígbà tí mo yí potentiometer dé òpin lápá òsì, òdo ni mo rí. Mo yí i dé òpin lápá ọ̀tún, nọ́ḿbà kún bó ṣe yẹ. Àárín ni wàhálà wà: nọ́ḿbà kì í dúró sójú kan. Mo ti gbọ́ pé capacitor 100nF máa ń pa irú ariwo bẹ́ẹ̀, ni mo bá fi ọ̀kan sí ẹsẹ̀ 3, níbi tí ọ̀nà mẹ́jọ ti pàdé. Ariwo rọlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ohun tó burú jù ú lọ dé. Tí mo bá yí potentiometer kẹta, nọ́ḿbà ìkẹrin tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn á sún. Wọn ò pè é, ó ń jẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún kóòdù kọ. Lẹ́yìn náà mo ní potentiometer ni kò dáa, mo ra mẹ́rìndínlógún tuntun, mo tú ti àkọ́kọ́ kúrò, mo fi òjé lẹ àwọn tuntun mọ́ bọ́ọ̀dù. Kò sí ohun tó yí padà.

Ìgbà tí mo wá fi mítà yẹ ṣíìpù náà fúnra rẹ̀ wò ni ojú mi là. Mo so resistor 10k láti ẹsẹ̀ 3 sí GND (òdo fóltì), mo yan ọ̀nà kan, mo fi bátìrì AA kan tó ń fúnni ní 1.55V sí ọ̀nà náà. Ká ní ọ̀nà yẹn mọ́ ni, 1.55V tàbí ohun tó sún mọ́ ọn ló yẹ kó jáde. 1.17V ni mo rí. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìdènà inú ọ̀nà náà ti lé ní 3,200 ohm. Ṣíìpù kejì mú 1.23V jáde, ìyẹn nǹkan bí 2,600 ohm. Inú páálí kan náà ni méjèèjì ti wá o.

Ìdí rẹ̀ rèé. Transistor méjì ló ń ṣí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan nínú ṣíìpù yìí. Ọ̀kan mọ iṣẹ́ nígbà tí iná tó ń kọjá bá sún mọ́ GND, èkejì mọ̀ ọ́n nígbà tó bá sún mọ́ iná tí ẹ fún ṣíìpù. Ìdílé 4000 tí CD4051 ti wá ti pẹ́, ọdún 1968 ni RCA bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, transistor inú rẹ̀ sì máa ń fẹ́ fóltéèjì púpọ̀ kó tó ṣí dáadáa. Tí ẹ bá fún un ní 10V tàbí 15V, ó yó. Tí ẹ bá fún un ní 3.3V, ohun tó bá wà láàárín kò rí ẹni gbé e: ọwọ́ transistor ti ìsàlẹ̀ kò tó o, ọwọ́ ti òkè náà kò tó o. Ìdí nìyẹn tí òpin méjèèjì fi dára tí àárín fi bàjẹ́.

Datasheet kò parọ́ fún mi, èmi ni mi ò kà á dé ibi tó yẹ. Ìdènà tó kọ síbẹ̀ fún 5V jẹ́ nǹkan bí 470 ohm, ó sì lè dé 1,050. Fún 10V, 180, ó lè dé 400. Fún 15V, 125, ó lè dé 240. Kò kọ nǹkan kan fún 3.3V. Wọ́n ní ó ń ṣiṣẹ́ ní 3V. Wọn ò ṣèlérí bí ọ̀nà rẹ̀ ṣe máa ṣí tó níbẹ̀.

Potentiometer 10k tó wà láàárín gan-an ń hùwà bíi resistor 2.5k. Ẹ ro ìyẹn mọ́ 3.2k ti ṣíìpù, ẹ wá gbé 100nF lé e lórí: nǹkan bíi 0.6 milisẹ́kọ́ńdì ni capacitor náà nílò kí ó tó rìn ìdá méjì nínú mẹ́ta ọ̀nà rẹ̀, ó sì tó ìlọ́po méje ìyẹn kí ADC oní-bit mẹ́wàá tó lè gba nọ́ḿbà rẹ̀ gbọ́. Kóòdù mi ń dúró fún milisẹ́kọ́ńdì kan péré. Ohun tó kù lára potentiometer kẹta ni mò ń kà sórí ìkẹrin. Ẹ̀bi ibi tí mo fi capacitor sí, tèmi ni. Ẹ má fi sí ẹsẹ̀ 3 láé. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kí ó wà láàárín potentiometer àti ṣíìpù, kí ó ti kún kí ẹ tó yàn án.

Mo kọ́kọ́ rò pé kí n kàn fún CD4051 ní 5V. Ìdènà dínkù lóòótọ́. Àmọ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta tí a fi ń yan ọ̀nà, ẹsẹ̀ 9, 10 àti 11, ní 5V wọn ò gbà pé nǹkan ga àfi tó bá dé 3.5V. 3.3V ni microcontroller mi lè fún wọn. Lórí tábìlì ó ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó ń ka ọ̀nà 1 níbi tí mo ti ní kó ka ọ̀nà 5. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nígbà míì ń gba àsìkò ju ohun tí kò ṣiṣẹ́ rárá lọ.

Mo wá ra 74HC4051. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti CD4051 mu pátápátá, inú ihò kan náà ni mo kì í bọ̀. Pẹ̀lú 3.3V, bátìrì AA kan náà, resistor 10k kan náà, 1.53V ló jáde: bíi 130 ohm. Mo gbé àwọn capacitor lọ sẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, àpótí náà sì ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ náà. Òun náà ní ààlà tirẹ̀ o. Datasheet rẹ̀ kìlọ̀ pé tí iná bá sún mọ́ 2V, ìdènà ọ̀nà kò ní tọ́ mọ́, kí a má fi gbé ju iná oní bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́ lọ. Ẹni tó ń fi bátìrì méjì ṣiṣẹ́, tó sì máa ń lò ó títí tí yóò fi kú, kó fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọ̀nà mẹ́jọ tàbí mẹ́rìndínlógún

74HC4067 dùn ún rí. Ọ̀nà mẹ́rìndínlógún, ẹsẹ̀ mẹ́rin péré láti yan wọn, ẹsẹ̀ ADC kan ṣoṣo, ó sì sábà máa ń wá lórí bọ́ọ̀dù kékeré tí wọ́n ti tò fún yín. Ìdílé HC ni, bíi 74HC4051, nítorí náà kò ní ìṣòro 3.3V tí mo sọ lókè. Tí gbogbo sẹ́ńsọ̀ yín bá wà lójú kan, ẹ rà á, kò ní ṣe yín níbi.

Ohun tí mo rí nínú tèmi ni pé gbogbo wáyà ló gbọ́dọ̀ rìn wá sí ibì kan náà, wáyà gígùn sì ń kó ariwo. Ṣíìpù ọlọ́nà mẹ́jọ méjì, ẹ lè fi ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan àpótí. Bí ẹ bá fi àṣìṣe ba 4067 jẹ́, ọ̀nà mẹ́rìndínlógún ló lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sì ní ẹsẹ̀ VEE, èyí tí 4051 fi ń gba iná nẹ́gétíìfù, nítorí náà iná tó bá lọ sísàlẹ̀ GND kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Lórí bọ́ọ̀dù kékeré yẹn, ẹsẹ̀ EN wà, òun ló ń tan ṣíìpù tàbí pa á. Ẹ so ó mọ́ GND. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ lófo, ọwọ́ yín tó bá sún mọ́ ọn lè pa á tàbí tan án.

Ìgbà tí CD4051 bá ju àwọn yòókù lọ

Ìgbà náà wà, mi ò ní fi dù ú. Tí ẹ bá ń ṣe ẹ̀rọ orin tó ń lo 12V tàbí 15V, HC kò lè dé ibẹ̀, nítorí 10V ni gbogbo ohun tó lè gbà láti VEE sí VCC (ẹsẹ̀ iná pọ́sítíìfù). CD4051 gbà á tìrọ̀rùntìrọ̀rùn, ìdènà rẹ̀ sì máa ń sún mọ́ra níbẹ̀. Tí ohùn tí ẹ fẹ́ gbé kọjá bá ń lọ láti −5V sí +5V, méjèèjì lè ṣe é: ẹ fún VEE, ẹsẹ̀ 7, ní −5V, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ 8 wà ní GND. Ẹni tí kò ní iná nẹ́gétíìfù, kó so ẹsẹ̀ 7 mọ́ ẹsẹ̀ 8. Ẹ má fi í sílẹ̀ lófo.

Fún ohùn, ibi tí iná ń lọ lẹ́yìn ṣíìpù ló ṣe pàtàkì ju ṣíìpù lọ. Tó bá wọ ibi tí ìdènà rẹ̀ tó 100k, etí yín kò ní gbọ́ pé ìdènà ọ̀nà ń yí padà.

Àwọn ohun kéékèèké

Tó bá jẹ́ ìwọ̀n ooru ni ẹ fẹ́ fi thermistor 10k (resistor tí ooru ń yí padà) kà, ẹ fún thermistor kọ̀ọ̀kan ní resistor tirẹ̀ ṣáájú ṣíìpù. Tí ẹ bá fẹ́ fi resistor kan ṣe gbogbo wọn lẹ́yìn ṣíìpù, ìdènà ọ̀nà wọnú ìṣirò: 470 ohm ti CD4051 ní 5V máa ṣì yín lọ́nà ní nǹkan bíi 1°C, nígbà tí nǹkan bíi 70 ohm ti HC kò ní dé 0.2°C.

Láti ọ̀nà 3 lọ sí 4, ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń yí padà, ṣíìpù sì lè fara kan ọ̀nà míì lójú ọ̀nà. Ẹ gbé ẹsẹ̀ 6 ti 4051, tó ń ti gbogbo ọ̀nà pa, sókè kí ẹ tó yí wọn, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn náà.

Mọ́tò àti relay kì í ṣe iṣẹ́ èyíkéyìí nínú wọn. 25mA ni òpin tí datasheet HC fún ọ̀nà kan, òpin tó lè ba ṣíìpù jẹ́ sì ni.

Tó bá jẹ́ kíkà nìkan ni ẹ fẹ́, MCP3008, ṣíìpù ADC, ń ka ọ̀nà mẹ́jọ fúnra rẹ̀, ìdènà ọ̀nà kò ní kan yín. Àmọ́ multiplexer ń gba iná lọ, ó ń gbà á bọ̀; MCP3008 kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Èwo ni kí ẹ rà?

Iṣẹ́ yín ni yóò yàn fún yín. Iná tó ju 10V lọ: CD4051. Sẹ́ńsọ̀ púpọ̀ lójú kan: 74HC4067. Gbogbo ohun tó kù, tí ẹ bá ń lo 3.3V tàbí 5V, mo rò pé 74HC4051 ni, kódà tí ẹ bá nílò ọ̀nà mẹ́rìndínlógún, ẹ ra méjì. Tó bá jẹ́ dandan kí ṣíìpù gba 5V kí microcontroller 3.3V sì máa darí rẹ̀, ẹ wá 74HCT4051, tí 2V tó fún láti mọ̀ pé nǹkan ga. Ẹ kàn rí i dájú pé iná tó ń ti ẹsẹ̀ 3 jáde kò ju 3.3V lọ kó tó wọ ADC yín.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ. “Bọ́ọ̀dù 4051” tí wọ́n kọ lásán kò sọ ìdílé tó ti wá. CD4051BE àti CD74HC4051E, CD ló bẹ̀rẹ̀ méjèèjì, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ohun kan náà. HEF4051B, HCF4051 àti MC14051B, ẹgbẹ́ CD4051 ni gbogbo wọn. Lẹ́tà HC tàbí HCT láàárín ni kí ẹ wá, lẹ́yìn ṣíìpù gan-an, kì í ṣe nínú àwòrán.

Tó bá ti dé, kí ẹ tó fi òjé lẹ̀ ẹ́, ẹ fún un ní 3.3V lórí breadboard, ẹ so ẹsẹ̀ 6, 7 àti 8 mọ́ GND, àti ẹsẹ̀ 9, 10 àti 11 pẹ̀lú kó lè yan ọ̀nà òdo, tó wà ní ẹsẹ̀ 13. Resistor 10k láti ẹsẹ̀ 3 sí GND, bátìrì AA kan sí ẹsẹ̀ 13, òpin bátìrì kejì sí GND. Ẹ wọn bátìrì, ẹ wọn ẹsẹ̀ 3. Tí ìyàtọ̀ wọn kò bá ju 0.05V lọ, ẹ gbé òjé yín kaná.