Ọdún mẹ́rin Zoology tó di márùn-ún: ohun tí ojú mi rí

Ọ̀sẹ̀ tí mo parí àgùnbánirọ̀ tí mo padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá mi àgbà fa ewúrẹ́ wọn kan tí inú rẹ̀ wú gbandu wá bá mi. "Dókítà ẹran, bá mi wò ó." Mo ní, "Ìyá, ìyẹn kọ́ ni mo kà o." Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé ẹranko kọ́ lo ní o lọ kà ni?"

Ẹranko ni lóòótọ́. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi Zoology sínú fọ́ọ̀mù JAMB ni mo ń kọ èyí sí, pàápàá tó bá jẹ́ Medicine lẹ kọ́kọ́ yàn tí máàkì ò gbé yín débẹ̀. Ọ̀nà yẹn lèmi náà gbà wọlé.

Láàbù ló dùn jù. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ la ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n ti fún un ní oògùn oorun, a da ikùn rẹ̀ sókè, a fi pín-ìn-nì kan ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀. Mo gé awọ, mo gé ẹran, mo bá rí ọkàn rẹ̀, kò ju ẹ̀wà kan lọ, tó ṣì ń sọ kì, kì, kì. Yàrá mẹ́ta ló ní, tiwa mẹ́rin. Ẹni tó dúró tì mí sá jáde lọ bì. Èmi ò kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀fọn náà ńkọ́? Anopheles tó ń gbé ibà kiri, tó bá bà, ìdí rẹ̀ á nà sókè. Culex, ẹ̀fọn irú mìíràn, á bà pẹrẹsẹ. Títí dòní, n kì í pa ẹ̀fọn láìkọ́kọ́ wo ìdí rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún ìyá àgbà pé ní Tanzania, wọ́n ń kọ́ òkété kó lè fi imú mọ ikọ́ ife nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé wọ́n á ṣì jẹ ẹ́ lẹ́yìn ìyẹn?"

Ibi tó ti bà mí nínú jẹ́: èèyàn méjìdínlógún ló ń du maikirosikóòpù kan. Kó o tó fojú kàn án, aago ti lù. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ní 2022 tún gba oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ wa.

Èyí tí wọn ò tètè sọ fún wa ni pé Zoology kì í fúnni ní láísẹ́ǹsì kankan. Dókítà ẹran, Vet ló kà á. A mọ aràn inú ìgbẹ́ lórúkọ, àmọ́ òfin ò jẹ́ ká fọwọ́ sí èsì àyẹ̀wò aláìsàn, iṣẹ́ àwọn tó ka Medical Lab nìyẹn. Nínú kíláàsì wa, ọ̀pọ̀ ló ń kọ́ Biology ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ọ̀kan ń wá iṣẹ́ sí Old Oyo National Park, tí ọ́fíìsì àgbà rẹ̀ wà nílùú Ọ̀yọ́. Àwọn tó kù ń ka Másítà.

IT oṣù mẹ́fà, ìyẹn iṣẹ́ tí wọ́n ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ níta, ló yọ èmi. Oko ẹja ni wọ́n rán mi lọ. Tí a bá gún abo ẹja àrọ̀ ní abẹ́rẹ́ lálẹ́, tílẹ̀ bá mọ́, a ó rọra tẹ ikùn rẹ̀, ẹyin tó kéré ju yánmọtí lọ á máa dà sínú abọ́. Akọ kì í tú àtọ̀ tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àfi ká la inú rẹ̀. Ọ̀gá ní ta ló lè là á. Mo na ọwọ́ sókè, ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Ọmọ ẹja ni mo ń tà báyìí nítòsí Tákíé, ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Tó bá jẹ́ máàkì, ẹ̀kọ́ gba méje nínú mẹ́wàá, ọ̀nà iṣẹ́ gba mẹ́ta. Ẹ lọ bá àwọn tó wà ní 400 level kẹ́ ẹ tó sanwó: ẹ bi wọ́n pé èèyàn mélòó ló ń pín maikirosikóòpù kan, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n níbi tí wọ́n ti ṣe IT.