Ìkìlọ̀: BCD àlòkù tí mo rà, £260 mi ti wọmi

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń wẹ̀ lábẹ́ omi ní Ìlú Ọba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. BCD ni jákẹ́ẹ̀tì tí à ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí kó lè gbé wa léfòó nínú omi. Inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń rò ó bóyá kí n sọ ọ́ tàbí kí n gbé e mì. Àmọ́ lánàá mo rí i pé ẹni tó tà á fún mi tún ti gbé ọjà náà síta. Ni mo bá ní rárá o, mi ò ní dákẹ́.

Leicestershire ni mò ń gbé, Stoney Cove ni mo sì ti máa ń wẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta tẹ́lẹ̀ ni, tí omi wá kún. Ó jìn tó mítà 35, òtútù rẹ̀ sì ń wọ egungun. Drysuit, aṣọ tí omi kì í wọ̀, là ń wọ̀ níbẹ̀, aṣọ tó nípọn lábẹ́ rẹ̀, sílíńdà irin lẹ́yìn, òjé bíi kílò 10 nídìí. Àmọ́ bí ọdún bá ti yí, èmi àti bàbá àwọn ọmọ a gba Hurghada lọ ní Íjíbítì. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, aṣọ fẹ́lẹ́, sílíńdà alumíníọ̀mù, òjé díẹ̀. BCD mi àtijọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 5, báàgì tí wọ́n gbà fún mi nínú bàálù kò sì ju kílò 23 lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá ẹyọ kan ṣoṣo tí yóò fúyẹ́ fún ìrìnàjò, tí yóò sì gbé mi ró dáadáa nílé. Ṣé ohun tó burú ni mo wá?

Bí mo ṣe rí ọkùnrin yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Ó ní òun ti ń wẹ̀ fún ogún ọdún, pé òun ń kó ọjà ṣọ́ọ̀bù òun kúrò nílẹ̀ ni. Ó ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré lòun lo èyí, pé kílò 2 ni, pé ó lè gbé kílò 18 léfòó. Mo bi í: "Ṣé ó máa ṣe é pẹ̀lú drysuit?" Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, ọmọ òun obìnrin náà ń wẹ̀, òun ò lè ta ohun tí kò dáa fún obìnrin. Ọ̀rọ̀ dídùn! Ẹnu rẹ̀ ń ṣàn bí oyin. £260 ló pè é, tuntun rẹ̀ sì ju £400 lọ.

Bàbá àwọn ọmọ bi mí pé, "Ṣé o mọ ọ̀gbẹ́ni yìí rí?" Mo dá a lóhùn pé àwa tí à ń wẹ̀ lábẹ́ omi kì í ṣe bẹ́ẹ̀ síra wa. Ẹ gbọ́ o. Àwa tí à ń wẹ̀ lábẹ́ omi! Títí di òní, bí mo bá ti gbé ẹnu sókè nínú ilé yìí, gbólóhùn yẹn ló fi ń dá mi lóhùn.

Ó ní kí n fi owó náà ránṣẹ́ bí ẹni ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ tàbí mọ̀lẹ́bí, kí wọ́n má baà yọ nínú owó òun. Mo mọ̀ pé kò dáa. Mo mọ̀ ọ́n! Èmi tí mo kìlọ̀ irú ẹ̀ fún àbúrò mi lọ́dún tó kọjá. Ṣùgbọ́n ó ní ẹlòmíràn ti ń bọ̀ wá rà á lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ni ìka mi bá tẹ̀ ẹ́.

Ẹrù dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, nínú ike dúdú tí wọ́n fi ń dalẹ̀. Ike ìdalẹ̀! Mo gbé e sórí ìwọ̀n: kílò 3.8. Wọ́n ti fi sísọ́ọ̀sì gé ibi tí wọ́n kọ ìwọ̀n àti agbára rẹ̀ sí. Nígbà tí mo wá orúkọ rẹ̀ kàn lọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é, kílò 11 ló ń gbé léfòó, kì í ṣe 18. Nínú àpò òjé rẹ̀, iyọ̀ òkun ti gan mọ́ síìpù. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré ni ó kúkú lò ó.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí n kò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i ní pálọ̀, ó le gbandi, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo wá ń yin ara mi. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Wọ́n kọ́ mi pé kí n fi í sílẹ̀ mọ́jú. Mo fẹ́ lo ohun tuntun mi lọ́jọ́ Sátidé, òun ló fà á.

Sátidé dé. Àárọ̀ oṣù Kẹta, omi tutù bí inú fíríìjì. A ò tíì kúrò ní pèpéle tó wà lábẹ́ omi ní mítà 6 tí ẹni tí a jọ ń wẹ̀ fi nawọ́ sí èjìká mi òsì: afẹ́fẹ́ ń hó jáde níbẹ̀ bí omi ẹ̀kọ lórí iná. Ẹnì kan ti fi gọ́ọ̀mù lẹ rọ́bà mọ́ inú rẹ̀, òtútù ti bó o. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Mo tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń fẹ́ ẹ, bọ́tìnnì wọlé, kò jáde mọ́. Iyọ̀ ló há a. Afẹ́fẹ́ ń wọlé gìrìgìrì ju èyí tó ń jò lọ, ni mo bá ń gòkè. Mo fa okùn tó yẹ kó tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, ó já mọ́ mi lọ́wọ́. Mo gbàgbé gbogbo ẹ̀kọ́ mi àyàfi ọ̀kan: má ṣe dá èémí dúró. Mo ta síta lójú omi bí kọ́ọ̀kì ìgò, níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi mẹ́jọ tí olùkọ́ wọn ń sọ fún lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa gòkè jẹ́jẹ́.

Mítà 6 ni, nítorí náà mo lè rẹ́rìn-ín báyìí, àmọ́ kò pa mí lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ká ní mítà 20 ni ńkọ́? Afẹ́fẹ́ tó jẹ́ lítà 1 ní mítà 10 á di lítà 2 kó tó dé ojú omi. Bí ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó bá dá èémí dúró ṣe ń bẹ́ nìyẹn. Ọkùnrin yẹn mọ̀. Ẹni tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ ohun tó ń lẹ̀. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Mo kọ̀wé sí i. Ó ní ó dáa nígbà tó kúrò lọ́wọ́ òun, bóyá èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò. Èmi! Mo tún kọ̀wé, ó ti dínà mọ́ mi. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: èmi ọmọ Nàìjíríà, tí àwọn ará ẹgbẹ́ wa máa ń fi lẹ́tà 419 ti ọmọ ọba dá lápàárá bí a bá ń mu tíì, òyìnbó ló wá lù mí ní jìbìtì. Mi ò tíì sọ fún wọn. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi ní Ìbàdàn, wọ́n ní, "Ta ló rán ọ lọ sábẹ́ omi? Ṣé ọmọ Yemọja ni ọ́ ni?" N kò rí ìdáhùn fún wọn.

Ní tèmi, mi ò gba olùtajà kankan gbọ́ mọ́. Ṣọ́ọ̀bù ńlá á tì í sí yín lọ́rùn pé BCD ti ìrìnàjò á ṣe gbogbo iṣẹ́, oní-àlòkù á gé lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ó dáa, ọ̀gbẹ́ni tó ń rọ afẹ́fẹ́ kún sílíńdà fún wa kò burú. Òun nìkan ni.

Ohun tí ẹ lè ṣe, kíákíá, nítorí orí ń fọ́ mi: ẹ fẹ́ ẹ kó le, kó sùn mọ́jú bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ inú omi kí ẹ wo ibi tó ti ń hó. Ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ nígbà púpọ̀, ẹ fa gbogbo okùn. Ẹ fi ìwọ̀n tiyín wọ̀n ọ́n. Agbára tó fi ń gbé nǹkan léfòó, ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é ni kí ẹ ti wò ó, nítorí bí drysuit bá gba omi, òun lẹ máa gbára lé kó gbé yín. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń yọ họ́ọ̀sì tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀ láìwò ó, bí bọ́tìnnì bá há. Bí ó bá ju £100 lọ, káàdì tí a fi ń yá owó báńkì (credit card) ni kí ẹ fi san án fún oníṣòwò. Òfin wà tó lè mú báńkì náà dá a padà. Owó ọ̀rẹ́ àti mọ̀lẹ́bí kò ní ààbò kankan.

Orúkọ mìíràn ló ń lò báyìí, ó sì ti sọ ọ́ di £240. Àwòrán kan náà ni: BCD dúdú lórí kápẹ́ẹ̀tì búlúù, èjìká òsì rẹ̀ yí sí ìsàlẹ̀ kí ẹ má baà rí i, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ẹnì kan sì yọ ní igun ọ̀tún. Bí ẹ bá ti rí àtàǹpàkò yẹn, ẹ sá.