Line 6 HX Stomp: gìtá jùjú, míkísà ṣọ́ọ̀ṣì àti iná Ìbàdàn

Ẹni tó bá fẹ́ ra HX Stomp, ẹ̀rọ kékeré tí onígìtá ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tó ń ṣe bí àmpù àti effect, kó má tíì ka iye àmpù tó wà nínú rẹ̀. Ibi tí ohùn ti ń jáde ni kó kọ́kọ́ wò. Ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde ìnáwó n'Ìbàdàn, inú míkísà ni wáyà gìtá sábà máa ń wọ̀ tààrà, ibẹ̀ sì ni ohùn tó dùn nínú headphone nílé ti máa ń dún bí agolo.

Ẹ wọ Global Settings, ẹ lọ sí Ins/Outs. Bí ẹ bá ń gba DI box (àpótí kékeré tó ń mú ohùn gìtá bá ihò máìkì lára míkísà mu) kọjá, ẹ fi sí Instrument. Bó bá jẹ́ ihò line lára míkísà ni, ẹ fi sí Line. Bí Line bá wọ DI box tí kò gba ohùn ńlá, á máa ha. Ẹ̀rọ yìí kò ní ihò XLR (irú ti wáyà máìkì), nítorí náà ẹ mú DI box tiyín dání. Bí míkísà bá fún yín ní ihò kan ṣoṣo, ẹ lo L/Mono nìkan. Tí ẹ bá ki wáyà bọ L àti R, tí ẹni tó wà nídìí míkísà sì gba ẹ̀gbẹ́ kan, apá kan nínú delay yín (ohùn tó ń padà wá bí gbohùngbohùn) ti lọ nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ni Cab, ìyẹn àfarawé àpótí sípíkà àmpù. Low Cut 90 Hz, High Cut 7 kHz: nọ́ńbà méjì yìí ṣe mí láǹfààní ju àmpù tuntun lọ. Láìsí wọn, ìsàlẹ̀ gìtá á máa bá béèsì jà, òkè rẹ̀ á sì máa gún etí.

Fún jùjú àti highlife, Jazz Rivet 120 ni mo máa ń yàn. Roland JC-120 ni wọ́n wò ṣe é, ohùn rẹ̀ mọ́ roro. Mo máa ń fi LA Studio Comp, compressor tó ń mú ohùn dọ́gba, síwájú rẹ̀, Peak Reduction ní 4. Tí ẹ bá ta okùn kìíní báyìí, ẹ ó gbọ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ ohùn náà kò fò sókè jù, ìparí rẹ̀ kò sì tètè kú. Ohun tí tẹ́nọ̀ gìtá ń fẹ́ nìyẹn. Simple Delay tẹ̀ lé e: 130 ms, Feedback 15%, Mix 18%. Ẹ má jẹ́ kó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí gángan ń sọ̀rọ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún, delay gígùn á da gbogbo rẹ̀ rú. Nínú gbọ̀ngàn olórùlé páànù, mo máa ń pa reverb pátápátá. Ilé náà ti ní tirẹ̀.

Block (àyè tí àmpù tàbí effect kọ̀ọ̀kan ń gbà) mẹ́fà ni HX Stomp ní nígbà tó jáde lọ́dún 2018, firmware 3.0, ìyẹn update ètò inú rẹ̀, ló sọ ọ́ di mẹ́jọ. Síbẹ̀, àwọn àmpù kan wúwo débi pé àyè á tán kí ẹ tó dé mẹ́jọ.

Bọ́tìnnì ẹsẹ̀ mẹ́ta kéré, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ lo Snapshot (ìtò mìíràn nínú preset kan náà) láti bọ́ sí solo, kí ẹ fi 3 dB kún un, nítorí bí ẹ bá ń yí preset fúnra rẹ̀ láàárín orin, ohùn á já díẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì kẹta mọ́lẹ̀ fún tuner.

Iná ni wàhálà tó kù. 9V, 3A ló ń lò, minus ló sì wà láàárín ẹnu ṣájà rẹ̀. Ẹ má ṣe fi UPS kékeré tí wọ́n ń lò fún router sí i: plus ló sábà máa ń wà láàárín tiwọn, agbára wọn kì í sì í tó. Bí NEPA bá mú iná lọ kí jẹnẹrétọ̀ tó gbà á, ẹ̀rọ á kú, á tún bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀, gìtá kò sì ní dún títí tó fi máa ṣe tán. UPS kọ̀ǹpútà tó ṣì ní bátìrì gidi ló ń tán an. Bí gìtá bá ń kùn lórí jẹnẹrétọ̀, ẹ kọ́kọ́ sún kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù bí ẹ bá fi USB so ó mọ́ ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà kí ẹ tó tan Noise Gate, tó ń pa ariwo nígbà tí ẹ kò bá ta gìtá.

Lórí update ni mo ti ń bẹ̀ yín jù: ẹ fi HX Edit, ètò Line 6 lórí kọ̀ǹpútà, ṣe backup ṣáájú, ẹ má sì ṣe é lórí iná NEPA tó ń ṣẹ́jú. Bó bá jẹ́ ìnáwó ọ̀la ni ẹ fẹ́ lò ó fún, ẹ dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí ẹ tó ṣe update.