Rọ́bà ìtẹ́lẹ̀ olójú méjì fún sítúdíò ijó: ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Ẹni tó bá ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níjó nínú gbọ̀ngàn àdúgbò mọ̀ pé ilẹ̀ ni ìṣòro àkọ́kọ́. Kọnkéré le jù, táìlì ń yọ̀, gbọ̀ngàn náà kì í sì í ṣe ti oníjó nìkan: bí ijó bá ti parí, àwọn mìíràn á gbé àga wọlé fún ìpàdé. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń ra rọ́bà ìtẹ́lẹ̀ olójú méjì (fínílì, irú ike kan, kì í ṣe rọ́bà gidi) tó ṣeé tẹ́, tó sì ṣeé ká. “Marley” ni ọ̀pọ̀ oníjó ń pè é, nítorí ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣe é nígbà kan rí. Èyí tó fẹ́lẹ́, tí kò nípọn ju mìlímítà 1 sí 1.5 lọ, là ń gbé yẹ̀ wò níbí. Ó dára, ó sì tó rà fún sítúdíò tó ń bá àwọn mìíràn pín gbọ̀ngàn lò, bí ẹni tó rà á bá ti mọ̀ pé awọ lásán ni. Kì í ṣe ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ọ̀rọ̀ awọ yìí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù. Iṣẹ́ rọ́bà yìí ni pé kí ẹsẹ̀ má yọ̀, kó má sì lẹ̀ mọ́lẹ̀ jù. Kò mọ nǹkan kan nípa ìfò. Ọmọ tó bá fò, tó sì balẹ̀ lórí rọ́bà mìlímítà 1 tí wọ́n tẹ́ sórí kọnkéré, kọnkéré gan-an ló balẹ̀ lé. Ojúgun, orúnkún àti ìbàdí rẹ̀ ni yóò gba gbogbo agbára náà. Ìlànà Yúróòpù EN 14904 ti ọdún 2006, tó wà fún ilẹ̀ eré ìdárayá inú ilé, ní kí ilẹ̀ gba ó kéré tán ìdá 25 nínú 100 lára agbára ìbalẹ̀, kó má sì kọjá ìdá 75. Rọ́bà fẹ́lẹ́ nìkan kò lè sún mọ́ 25 yẹn.

Nítorí náà, bí owó bá mọ níwọ̀n, abẹ́ ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ná an sí. Plywood ìpele méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn ní mìlímítà 9 sí 12, lórí ègé fóòmù líle tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, jẹ́ iṣẹ́ tí káfíńtà tó mọṣẹ́ lè ṣe. Kí ègé kan jìnnà sí èkejì ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, kí wọ́n sì sún mọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ ní etí pákó, torí etí ló máa ń tẹ̀. Kí pákó òkè dábùú ojú ìpàdé pákó ìsàlẹ̀. Ẹ fi àyè sẹ̀ǹtímítà 1 sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, torí pákó máa ń wú bí ọ̀rinrin bá wà. Kí orí ìdè (skúrù) rì sínú pákó dáadáa. Rọ́bà fẹ́lẹ́ kì í bo àṣírí. Fóòmù ibùsùn kò ṣeé lò rárá: ó rọ̀ jù, ilẹ̀ á máa mì lábẹ́ ẹsẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ àwọn ọmọ á sì máa yẹ̀.

Ní ti ìwọ̀n, ọ̀pọ̀ róòlù máa ń fẹ̀ tó mítà 1.5 sí 2. Ẹ ya àwòrán yàrá yín sórí ìwé kí ẹ tó rà. Yàrá tó gùn ní mítà 8, tó sì fẹ̀ ní mítà 6, yóò gba róòlù mẹ́ta onímítà 8 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà 2. Ojú ìpàdé méjì péré nìyẹn. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ ní ìdábùú, róòlù mẹ́rin ni, ojú ìpàdé á sì di mẹ́ta. Mítà onígun 48 kan náà ni lọ́nà méjèèjì. Bí ọ̀dọ́ kan bá gba mítà onígun 5, mẹ́sàn-án ni yóò jó níbẹ̀ láìgbá ara wọn. Àwọn ọmọdé tí mítà onígun 3 tó lè jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Ẹ má ṣe jẹ́ kí owó mú yín kọjá iye yìí. Róòlù onímítà 8 kan tó nípọn ní mìlímítà 1 máa ń wọ̀n tó kílò 20 sí 25, àgbàlagbà méjì ni kó máa gbé e.

Àwọn tó ń tà á máa ń yangàn pé ojú méjì ló ní: dúdú lókè, eérú tàbí funfun nísàlẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ ojú méjì kì í ṣe ẹ̀mí méjì. Ojú tó bá wà nísàlẹ̀ ló ń jẹ yanrìn. Ẹ yan ojú eérú fún ìdánrawò, kí ẹ fi dúdú pamọ́ fún orí ìtàgé, kí ẹ sì gbá ilẹ̀, kí ẹ nù ún, kí ẹ tó tẹ́ rọ́bà nígbàkúùgbà. Òkúta wẹ́wẹ́ kan lábẹ́ rẹ̀ tó láti lu ú.

Bó bá jẹ́ tuntun, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún wákàtí 24 kí ẹ tó gé e tàbí kí ẹ lẹ téèpù mọ́ ọn, kí ìwọ́ tó wà lára rẹ̀ lè nà. Ẹ fi àyè mìlímítà 2 sí 3 sílẹ̀ láàárín róòlù kan àti èkejì. Ẹni tó bá kàn wọ́n mọ́ra pinpin ní òwúrọ̀ tútù yóò rí i ní ọ̀sán pé rọ́bà ti wú bí ìgbì omi, torí ooru ń mú un gbòòrò. Téèpù onírọ́bà tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 ni kí ẹ lò. Láti àárín ni kí ẹ ti máa tẹ̀ ẹ́ lọ sí ìpẹ̀kun méjèèjì, kí ẹ má sì fà á: téèpù tí wọ́n bá fà yóò sún kì padà, etí rẹ̀ á sì ṣí lábẹ́ ìka ẹsẹ̀ ọmọ. Téèpù aláṣọ máa ń fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀, ẹ yàgò fún un. Ní yàrá mítà 8 sí 6 yẹn, ojú ìpàdé gba mítà 16, ìpẹ̀kun róòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba 12. Ìyẹn 28, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán téèpù onímítà 33 kan. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ tẹ́ ẹ nìyẹn o! Owó téèpù ni ọ̀pọ̀ sítúdíò kì í kà mọ́ ìnáwó, òun ló sì ń dààmú wọn lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Nínú ijó, a fún un ní máàkì tó ga fún bálẹ̀ẹ́tì àti ijó ẹsẹ̀ lásán. Bàtà rírọ̀ ń yí lórí rẹ̀ láìhá. Òógùn ni ọ̀tá rẹ̀: ibi tó bá kán sí á máa yọ̀, kí aṣọ ìnura gbígbẹ máa wà nítòsí. Ẹni tó bá ń yí gbirigbiri lórí ilẹ̀ yóò nílò aṣọ alápá gígùn, torí rọ́bà tuntun máa ń bó ìgúnpá àti orúnkún. Fún hip-hop, ibi tó léwu ni bàtà tuntun tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ní eyín. Ẹsẹ̀ á dúró, orúnkún á yí, okùn inú orúnkún á sì ya. Bàtà inú ilé tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú ni kí wọ́n máa wọ̀. Bàtà onírin tí wọ́n fi ń lu ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gun orí rẹ̀ rárá. Ẹ ṣí plywood sílẹ̀ fún ijó yẹn.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ olómi tí kò le ló tó fún ìmọ́tótó, pẹ̀lú mọ́ọ̀pù tí wọ́n ti fún dáadáa. Pọ́líìṣì ń sọ ọ́ di yíyọ̀, ìyẹ̀fun rósìnì (oje igi gbígbẹ tí oníjó ń lò kí ẹsẹ̀ má yọ̀) ń lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ń kó ìdọ̀tí jọ. Omi tí wọ́n fi ń pa kùtẹ́ẹ̀sì rẹ́ máa ń jẹ rọ́bà yìí. Ohun tí àwọn olùtajà kì í sábà sọ ni pé rọ́bà gidi, irú èyí tó wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà àti ẹsẹ̀ àga, máa ń fi àbàwọ́n aláwọ̀ ilẹ̀ tí kì í lọ mọ́ sára rẹ̀. Kò sí ọṣẹ tó ń mú un kúrò, torí kẹ́míkà ti wọ inú rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ká a, orí páìpù tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 ó kéré tán ni kí ẹ ká a lé. Ẹ má ṣẹ́ ẹ po láéláé. Sítúdíò tó bá ní yàrá tirẹ̀, tí kò ní í ká ilẹ̀ lójoojúmọ́, kò nílò èyí rárá: èyí tó nípọn ní mìlímítà 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ pátápátá, ni kó rà.