GRBL ń kà, kò ríran: oṣù mẹ́jọ mi pẹ̀lú ẹ̀rọ CNC tí mo fọwọ́ ara mi kàn

Mo ní kó rìn mìlímítà 10, ó rin 40. Bí ẹ̀rọ CNC mi, ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ pákó fúnra rẹ̀ bí kọ̀ǹpútà bá ṣe darí rẹ̀, ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ mi tó dúró tì mí fò sẹ́yìn, ó ní, "Ọ̀gá, nǹkan yìí ti ya wèrè o!" Kò ya wèrè. Èmi ni mo fún un ní ìṣirò tí kò tọ́, iṣẹ́ tí mo sì rán an gẹ́lẹ́ ló jẹ́. Oṣù mẹ́jọ ti kọjá báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ kan tirẹ̀ lè jókòó, kí n sọ ojú tí mo fi rí àwọn nǹkan tí mo rà.

Káfíńtà ni mí, Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ilẹ̀kùn, àga ìwàásù àti pátákó orúkọ ilé ni wọ́n mọ̀ mí mọ́. Ọwọ́ ni mo fi ń gbẹ́ lẹ́tà tẹ́lẹ̀, àwọn àmì orí fáwẹ́lì àti àmì abẹ́ "ẹ" àti "ọ" ló sì máa ń jẹ mí ní àkókò jù. Ìdí tí mo fi lọ wá ẹ̀rọ nìyẹn. Páìpù irin onígun mẹ́rin láti Gate ni mo fi ṣe ara rẹ̀, bàbá tó ń jó irin ládùúgbò wa ló bá mi jó o pọ̀. Ibi tó lè gbẹ́ tó 600 mílì ní gígùn, 400 ní ìbú. Trimmer lásán (ẹ̀rọ ọwọ́ tó ń yí bíìtì, ìyẹn irin tó ń gé pákó) tí mo ti ń lò tẹ́lẹ̀ ni mo so mọ́ ọn lórí láti máa gé pákó.

Àgbéyẹ̀wò yìí dá lórí ọpọlọ ẹ̀rọ náà. Inú ọ̀rá kan ni ẹni tó tà á fún mi kó gbogbo rẹ̀ sí: Arduino Uno, bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré (àwòkọ ni, kì í ṣe ojúlówó), CNC Shield V3 tó ń gun Arduino lórí, àti A4988 mẹ́rin, àwọn bọ́ọ̀dù pélébé tó ń darí mọ́tò. Dẹ́rẹ́bà ni mo ń pè wọ́n. GRBL ni ètò tí a ń kó sínú Arduino yẹn. Ọ̀fẹ́ ni. Simen Svale Skogsrud, ọmọ Norway, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2009, Sungeun Jeon ló sì wá tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ̀dà 1.1 ni tèmi. Ṣíìpù Arduino tó ń gbé inú rẹ̀ kò ní ju kílóbáìtì 32 lọ fún ètò, síbẹ̀ ó lè rán ìgbésẹ̀ tó 30,000 sí mọ́tò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti orí láptọ́ọ̀pù ni mo ti ń fi ètò kan tó ń jẹ́ Universal Gcode Sender bá a sọ̀rọ̀.

Ohun kan wà tí mi ò tètè mọ̀. GRBL kò lójú. Ìgbésẹ̀ ló ń kà. Bí ó bá rán mọ́tò ní ìgbésẹ̀ 4,000, ó gbà pé mọ́tò ti lọ, kò ní béèrè. Wáyà lè já, bóòtì lè yọ̀, bíìtì lè há sínú pákó, òun á ṣì máa kà lọ ní tiẹ̀. Gbogbo wàhálà tí mo rí, àárín ohun tó kà àti ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ló ti ń wá.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí 10 tó di 40. Mọ́tò NEMA 17 (orúkọ ìwọ̀n mọ́tò ni) mi ń gbé ìgbésẹ̀ 200 kó tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Mo fi jọ́ńpà (ìdè kékeré tó ń so ẹsẹ̀ irin méjì pọ̀) mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí abẹ́ dẹ́rẹ́bà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì ń pín ìgbésẹ̀ kan sí 16, ó di 3,200. Ọ̀pá onítíréèdì T8 ni mo lò. Mo fi rúlà wọn tíréèdì, mo rí i pé mílì 2 ni àárín ọ̀kan sí èkejì, mo pín 3,200 sí 2, mo kọ $100=1600 ($100 ni ibi tí GRBL ti ń ka iye ìgbésẹ̀ fún mílì kan lórí X). Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé tíréèdì mẹ́rin ló jọ ń yí ara wọn ká lórí ọ̀pá yẹn. Bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan, mílì 8 ni nọ́ọ̀tì ń rìn. 3,200 pín sí 8 jẹ́ 400, òun ló tọ́. Ẹni tó bá lo bẹ́líìtì GT2 àti pọ́lì eléyín 20, mílì 40 ni tirẹ̀ ń rìn ní yíyí kan, nítorí náà 80 ni yóò kọ síbẹ̀. Ẹ má fi ojú wọn tíréèdì o. Ẹ fi àmì sára ọ̀pá, ẹ fọwọ́ yí i po lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá wọn ibi tí nọ́ọ̀tì rìn dé.

Mo kọ 400, ó dára, àfi pé bí mo bá ní kó lọ 300, 298 àti ààbọ̀ ni mò ń rí. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé kí a fi iye tí a pa láṣẹ sọ iye àtijọ́ di púpọ̀, ká sì pín in sí iye tí a wọ̀n. Mo ṣe é, ó fún mi ní 402.010, inú mi dùn. Lọ́jọ́ kejì, mo wọn ọ̀nà kan náà, ó di 301 àti ààbọ̀! Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé mo ń fi ìṣirò bo àṣírí irin. Skrúù kékeré tó di ìsopọ̀ mọ́tò àti ọ̀pá mú ló ń yọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo fi fáìlì rẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan lára irin mọ́tò kó pẹlẹbẹ, mo fún skrúù yẹn mọ́ ojú ibẹ̀, mo dá 400 padà. Láti ọjọ́ náà, 300 ni 300. Fún bẹ́líìtì tó lè nà, ìṣirò yẹn wúlò. Fún ọ̀pá onítíréèdì, bí iye bá ń yí padà lójoojúmọ́, sípánà ni kí ẹ mú, ẹ fi kíbọọdù sílẹ̀.

Ní ti ọ̀nà mẹ́ta tí ẹ̀rọ ń rìn: X sápá ọ̀tún, Y síwájú, kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó dúró, Z sókè. Bíìtì ni kí ẹ máa fojú bá lọ, kì í ṣe pákó. Bí èyí tó lọ òdì bá wà, $3 ló ń tún un ṣe: X jẹ́ 1, Y jẹ́ 2, Z jẹ́ 4, ẹ ro àwọn tó lódì pọ̀. X àti Z ló lódì fún mi, mo kọ $3=5, ó parí.

Y tèmi ní mọ́tò méjì, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ihò A lórí Shield sì lè máa tẹ̀ lé Y bí ẹ bá fi jọ́ńpà síbẹ̀. Ẹnìkan ti sọ fún mi pé kí n da wáyà mọ́tò kejì kọ orí kodò. Mo gbọ́ràn. Mo tan án, apá ọ̀tún ń lọ síwájú, apá òsì ń padà bọ̀, afárá àárín (irin tó so apá méjèèjì pọ̀) ń ké bí ilẹ̀kùn tó dípẹtà. Mo yára fa wáyà iná yọ. Ìmọ̀ràn yẹn wà fún ẹ̀rọ oníbẹ́líìtì tí mọ́tò rẹ̀ kọjú síra wọn. Ọ̀pá onítíréèdì méjì tí mọ́tò wọn jọ wà lẹ́yìn, ìhà kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ yí sí. Kí afárá má baà dúró ní wíwọ́, mo kan igi ìdínà méjì mọ́ iwájú, mo sì máa ń fà á kàn wọ́n kí n tó tan iná. Mo mú igun ẹ̀rọ pẹ̀lú 300, 400 àti 500 bí a ṣe ń mú igun ilé, lẹ́yìn náà mo gé pákó onígun mẹ́rin kan, mo wọ̀n ọ́n láti igun dé igun. Ìyàtọ̀ méjèèjì kò pé mílì kan. Fún ilẹ̀kùn, ó tó.

Z kọ̀ jálẹ̀ ní tiẹ̀. Ó ń kùn, ó ń gbọ̀n, kò lọ. Wáyà mẹ́rin ni mọ́tò ní, méjì méjì ni wọ́n sì jẹ́ tọkọtaya. Bí a bá ya tọkọtaya nípá, mọ́tò á kàn máa gbọ̀n ni. Kò sí mítà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ ọgbọ́n kan wà: ẹ yọ mọ́tò kúrò lára bọ́ọ̀dù, ẹ fi orí wáyà méjì kan ara wọn, kí ẹ fọwọ́ yí irin mọ́tò. Bí ó bá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tọkọtaya nìyẹn. Àmọ́ iná gbọ́dọ̀ ti kú o. Ẹni tó bá yọ wáyà mọ́tò nígbà tí iná wà lórí bọ́ọ̀dù lè pa dẹ́rẹ́bà.

Dẹ́rẹ́bà yìí ní skrúù bíńtín tí a fi ń yan agbára iná. Fún A4988, iye fóltì tó yẹ kí ẹ kà níbẹ̀ ni ámpù tí ẹ fẹ́, lọ́nà 8, lọ́nà iye rẹsítọ̀ kékeré tó wà lórí rẹ̀. Tèmi ní R100 (ohm 0.1) lára, nítorí náà fóltì 0.8 ń fún mi ní ámpù 1. Ẹ ka ohun tó wà lára tiyín, nítorí lórí R050 (ohm 0.05), 0.4 péré ló jẹ́ ámpù 1. Ọ̀kan kú mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí skrúdíráfà yọ̀. Mo ra DRV8825, irú dẹ́rẹ́bà mìíràn, dípò rẹ̀, mo fi skrúù rẹ̀ kọjú síbi tí ti A4988 máa ń kọjú sí. Èéfín ló fi dá mi lóhùn. Òdì kejì ni skrúù DRV8825 máa ń wà! Ẹsẹ̀ tí wọ́n kọ EN sí ni kí ẹ wò, kí ẹ fi EN dẹ́rẹ́bà kan EN Shield.

Bọ́ọ̀dù Shield yìí ni mo bínú sí jù. Mo so suwíìṣì òpin (èyí tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé ó ti dé ìpẹ̀kun) mọ́ X, Y àti Z níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Mo tẹ $H kí ẹ̀rọ lọ wá ilé, ìyẹn ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Z ló máa ń kọ́kọ́ gòkè, ó gòkè, ó kan suwíìṣì, kò dúró, ó ń fi orí gbá irin. ALARM:9, ìyẹn ni pé kò rí suwíìṣì. Mo pààrọ̀ suwíìṣì, mo pààrọ̀ wáyà, òfo ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá a. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìgbà àtijọ́ ni wọ́n ti ya bọ́ọ̀dù yìí. GRBL ti ṣí suwíìṣì Z lọ sí pin (ẹsẹ̀ ìsopọ̀) 12, kó lè máa fi pin 11 darí iyára spindle (mọ́tò tó ń yí bíìtì), bẹ́ẹ̀ pin 11 ni bọ́ọ̀dù ṣì ń kọ Z sí. Ibi tí wọ́n kọ SpnEn sí ni kí ẹ so suwíìṣì Z mọ́. Kò sí ìwé kankan nínú ọ̀rá yẹn tó sọ ọ́.

Nígbà tó rí suwíìṣì tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí kò sí. Bí mo bá ti tan trimmer, ALARM:1, bí ẹni pé nǹkan kan suwíìṣì. Ariwo iná láti inú trimmer ni wáyà ń gbé. Mo lo wáyà tó ní aṣọ irin lára, mo so kapásítọ̀ 0.1 microfarad mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì yí suwíìṣì sí èyí tó ń wà ní pípadé nígbà gbogbo ($5=1). Ó dákẹ́. Àǹfààní mìíràn ni pé bí wáyà bá já, ẹ̀rọ á kígbe dípò kó dákẹ́.

Ó wá ku ti NEPA. Mò ń gbẹ́ pátákó orúkọ ilé kan lọ́wọ́, iná lọ. Mọ́tò kú, trimmer kú. Mo sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí iná dé, ẹ̀rọ gbéra, ó la àárín "Ọláolúwa" kọjá tààrà. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì, òun ló sì ń fún Arduino ní iná látinú wáyà USB. Ní gbogbo ìgbà tí mọ́tò fi kú, GRBL ń kà lọ, ó ti ka lẹ́tà mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́. Pákó ìrókò ni, kì í ṣe MDF, pákó tí wọ́n fi èérún igi ṣe.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ iyì suwíìṣì òpin. Ibi tí mo bá fi ṣe òdo iṣẹ́, ìyẹn ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ (G54), GRBL máa ń pa á mọ́ bí iná tilẹ̀ kú, ṣùgbọ́n láti ilé ló ti ń wọ̀n ọ́n. Bí iná bá lọ báyìí, mo dá iṣẹ́ dúró lórí láptọ́ọ̀pù kíá. Bí ó bá dé, mo tẹ $H, ẹ̀rọ wálé, mo padà sí ìlà tó wà ṣáájú ibi tí a dé, mo tún un bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà nímọ̀ràn pé kó kan CNC láìsí suwíìṣì, ohun yòówù kí àwọn ará òkè òkun sọ. Mo sì kọ $1=255 kí mọ́tò má baà tú ara sílẹ̀ lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan, nítorí Z tèmi máa ń rọra sọ̀kalẹ̀ fún ìwúwo trimmer.

Bí ẹ bá bi mí léèrè ìràwọ̀, GRBL gba mẹ́rin àti ààbọ̀ nínú márùn-ún. Kò tíì purọ́ fún mi rí. Bí ó bá kígbe, ìdí wà. A4988 gba mẹ́ta, ó tó fún NEMA 17, kò lè wa NEMA 23 ńlá. Shield gba méjì, nítorí ọjọ́ mẹ́ta mi. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ jẹun láràárọ̀ lè wá bọ́ọ̀dù tó ní dẹ́rẹ́bà ńlá lọ́tọ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́, eléyìí náà ni kó rà, kó sì ra dẹ́rẹ́bà méjì lé e.

Mo ti ra Shield kejì pamọ́. Kí n tó gbé e sínú àpótí, mo mú bírò dúdú, mo pa SpnEn rẹ́ lára rẹ̀, mo kọ Z síbẹ̀.