Singapore sí New York láìyà níbì kankan: ta ló yẹ kó wọ̀ ọ́?

Ẹ mú àwòrán ayé tó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, kí ẹ na okùn láti Changi, pápákọ̀ òfurufú Singapore, dé JFK, ti New York. Okùn náà máa fẹ́rẹ̀ẹ́ gba orí góńgó àríwá ayé kọjá. Gígùn rẹ̀ lé ní 15,300 kìlómítà. Láti Èkó dé JFK, nǹkan bíi 8,440 ni, ìyẹn sì lé díẹ̀ ní ìdajì rẹ̀.

Ojú okùn yẹn kọ́ ni bàálù Singapore Airlines sábà máa ń tẹ̀ lé. Afẹ́fẹ́ líle tó ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn lókè lọ́hùn-ún ni wọ́n ń wá, kó lè máa tì wọ́n lẹ́yìn. Bàálù wọn SQ24 tó ń lọ sí New York sábà máa ń gba orí òkun Pàsífíìkì. SQ23 tó ń padà sábà máa ń gba Àtìláńtíìkì àti Yúróòpù. Ìlà-oòrùn lálọ, ìlà-oòrùn lábọ̀: ẹni tó bá lọ tó bọ̀ ti yí ayé po. Ọ̀nà náà lè gùn kọjá 16,000 kìlómítà, síbẹ̀ kó yá ju ọ̀nà kúkúrú tí afẹ́fẹ́ ń kọjú ìjà sí wọn. Nǹkan bíi wákàtí 18 àti ààbọ̀ sí 19 ló ń wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, láti géètì dé géètì.

Airbus A350-900ULR ni bàálù náà, ó ń gba epo tó tó 165,000 lítà. Èrò 161 péré ló ń kó: 67 ní Business, 94 ní Premium Economy. Kò sí Economy, ìyẹn ìjókòó tí owó rẹ̀ kéré jù, rárá. Ẹni tí owó rẹ̀ ò tó, kó wọ èyí tó ń yà ní Frankfurt.

Ìjókòó Premium Economy, tó wà láàárín Economy àti Business, tò ní 2-4-2 (méjì lẹ́bàá fèrèsé, mẹ́rin láàárín, méjì lẹ́bàá fèrèsé kejì), àfi ìlà 40 sí 42 lẹ́yìn pátápátá, níbi tí ara bàálù ti ń tín-ín-rín. Ìjókòó kan ṣoṣo ló wà lẹ́bàá fèrèsé níbẹ̀, àpótí ẹrù sì wà láàárín ìjókòó àti fèrèsé. Ẹ lè dìde láìjí ẹnikẹ́ni. Ẹ tètè mú un, kódà tí wọ́n bá gba owó lé e. Èyí tí mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn ni ìjókòó E àti F, méjì tó wà láàárín gbùngbùn. Ti Business ń di bẹ́ẹ̀dì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ dìde kí ẹ tó yí ẹ̀yìn rẹ̀ dé, ẹsẹ̀ sì máa ń wọ kọ̀rọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹni gíga á sùn ní ìdábùú.

Ọjọ́ ló ń da èrò láàmú jù. Ẹni tó bá kúrò ní Singapore lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé yóò dé New York nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan náà. Ẹni tó bá kúrò ní New York lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ìdájí Ọjọ́rú ni yóò dé Singapore. Tí ẹ bá fẹ́ bá bẹ́ẹ̀dì nílẹ̀ bí ẹ ṣe ń bọ́ọ́lẹ̀, láti alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kí ẹ ti sanwó hòtẹ́ẹ̀lì, torí aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ wọn tó ń fún èèyàn ní kọ́kọ́rọ́.