Ọ̀fà àti Ìlọrin: ká tún ojú irin àtijọ́ ṣe, àbí ká dúró de tuntun?

Láti nǹkan bí ọdún 1908 ni ojú irin àtijọ́ ti gba Òṣogbo dé Ọ̀fà àti Ìlọrin. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1,067. Tuntun, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní 2021, jẹ́ 1,435. Ó yá ju ti àtijọ́ lọ dáadáa, àmọ́ Ìbàdàn ló parí sí.

Ti àtijọ́ ni mo fara mọ́. Iṣu tí à ń kó lọ sí Èkó kì í dúró de ẹnikẹ́ni: bí oòrùn bá ti pa á lórí tírélà, orí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ ojú irin kan ò lè gba ojú irin méjèèjì torí fífẹ̀ wọn ò dọ́gba, bí a bá sì fẹ́ gba tuntun dé Èkó, a ó ní láti já ẹrù ní Ìbàdàn ká tó tún un dì. Ìyẹn ṣì sàn ju kòtò ojú títì lọ.